Agbè Inú Ọ̀já

Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní Zaria, etí odò Galma máa ń ní òórùn kan tí n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíràn: ẹrẹ̀ pupa, ẹja tí wọ́n ń fi igi tútù yan, ìgbẹ́ màlúù, àti máńgòrò tó jábọ́ tí kò sẹ́ni tó ṣà á. Títí di òní, bí méjì nínú àwọn òórùn yẹn bá pàdé níbì kan, ẹsẹ̀ mi á dúró. Bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe èèyàn omi. Tudun Wada ni mò ń gbé nígbà náà, omi tí mo mọ̀ kò ju ti inú ìkòkò àti ti inú kànga lọ. Ìṣòro ni mo wá lọ sí etí odò. Mo mọ̀ pé ó máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín pé àgbàlagbà wọ takisí, ó ń lọ wá ìṣòro kiri, bí ẹni pé èyí tó wà nílé rẹ̀ kò tó o.

Ó tó mi o, kódà ó ṣẹ́kù. Ní ìgbà ooru tó ṣáájú òjò ọdún yẹn ni éèyi mú ọmọ wa obìnrin, àkọ́bí wa. Ó ti ń jókòó fúnra rẹ̀, ó ti ń di ẹsẹ̀ àga mú pé òun fẹ́ dìde. Éèyi kò bá a fà á pẹ́. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e lọ, nítorí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ, àwọn ìyá ìjọ sì wá jókòó tì mí lórí ẹní. Gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn bá wá: “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Wọ́n ní n má sunkún, pé ẹkún kì í jẹ́ kí òmíràn tètè yà. Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò dárúkọ ọmọ náà mọ́. Èmi àti bàbá rẹ̀ náà kò dárúkọ rẹ̀. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní réluwéè, wá di ẹni tí ń dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ mi bí ẹni tó wọ̀ sílé àlejò.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, kì í ṣe ìbànújẹ́ ló ń ṣe mí. Ìbànújẹ́ ìbá sàn. Ó dà bí ìgbà téèyàn bá sùn lé apá rẹ̀ lórí, tó jí, tó wá ń fi apá kejì gbé e kiri bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Mò ń jẹun, mò ń fọṣọ, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní sáyẹ́ǹsì. Bí wọ́n bá bi mí pé ṣé àlàáfíà ni, mo ń dáhùn pé a dúpẹ́.

Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ni mo ti ń kọ́ni. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, pè mí sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan, ó sì na ìka sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó dúró lẹ́bàá ògiri. Mo mọ ọmọ náà. Sabon Gari ni wọ́n bí i sí; ará Ìlọrin ni bàbá rẹ̀, ó ń ta ìkòkò àti abọ́ tánganran lọ́jà. Hausa ọmọ náà dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì dán ju ẹnu rẹ̀ lọ ní èdè méjèèjì. Òun ló tú ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ilé-ìwé palẹ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ní ó ti kú, tó sì tò ó padà tí omi ń jáde. Àmọ́ bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ lójú gbogbo ilé pé tó bá ti parí fọ́ọ̀mù fáìfù, ìsọ̀ ni yóò jókòó sí, torí àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ń ṣe ìdíje fún àwọn ilé-ìwé. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tuntun tó wúlò jù, wọ́n á gbà á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ fi ọgbọ́n wọn ṣe nǹkan sí lọ́dún yẹn. Ọkọ̀ ojú omi, ní Zaria, níbi tí àwa ti ń to garawa sídìí ẹ̀rọ omi láti àfẹ̀mọ́júmọ́! Wọ́n tún ní ìṣòro tí ọmọ bá fẹ́ yanjú kò gbọdọ̀ ti inú ìwé wá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wọ ọkọ̀ gan-an ni kó ti wá.

“Ọgbọ́n wà lọ́wọ́ ọmọ yìí,” ni ọ̀gá wí. “Ìṣòro ni kò ní. Ẹ bá a wá ọ̀kan.”

“Ó dáa, mà,” ni mo wí. Bí mo ṣe ń dá gbogbo ayé lóhùn nìyẹn nígbà náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, a wọ takisí, a sì fẹsẹ̀ rin ìyókù dé ibi tí wọ́n ti ń sọdá odò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹsẹ̀ làwọn èèyàn fi ń la Galma kọjá. Bí òjò bá dé, ọkọ̀ ni. Pákó tí wọ́n kàn pọ̀ ni ọkọ̀ náà, wọ́n fi páànù lẹ ibi tó ti jẹrà, atukọ̀ sì ń fi ọ̀pá gígùn tì í láti bèbè kan sí èkejì. Àgbẹ̀ ń wọ̀ ọ́, ewúrẹ́ ń wọ̀ ọ́, alálùbọ́sà àti obìnrin Fúlàní tó gbé igbá wàrà ń wọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kí wọn ní Hausa tó mọ́ ọn lẹ́nu, ó bi wọ́n pé wàhálà wo ni ọkọ̀ ń fún wọn. “Babu wahala,” ni àgbẹ̀ kan fèsì. Kò sí wàhálà, ọpẹ́ ni. Alálùbọ́sà ní àlàáfíà ni. Oníwàrà ní àlàáfíà ni. A bi atukọ̀ fúnra rẹ̀. “Lafiya lau,” ni ó wí, àlàáfíà tó péye, bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ náà ló ń fi agolo gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá.

A wọ ọkọ̀ pẹ̀lú wọn, ọmọ náà sì ń bi wọ́n lọ. Nígbà tí a dé àárín odò, ìyá arúgbó kan yíjú sí èmi olùkọ́ ọmọ náà. “Malama, muna kan ruwa kina kiran bala'i?” Ó ní a wà lórí omi, mo wá ń pe àjálù. Ẹnì kan ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wa, àwọn yòókù ṣe àmín. Nígbà náà ló yé wa. Wọn kì í dárúkọ ibi lójú omi, wọn kì í tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ létí odò.

“Àǹtí, wallahi, wọn ò ní sọ ọ́ fa,” ni akẹ́kọ̀ọ́ mi wí nígbà tí a gúnlẹ̀, Hausa lú mọ́ Yorùbá rẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọn kò ní sọ ọ́. Mo mọ irú ìdáhùn yẹn dáadáa, torí inú rẹ̀ ni mò ń gbé ní Tudun Wada. Bí ẹnì kan bá wá jókòó ní pálọ̀ mi tó ń bi mí pé kí ló ń ṣe mí gan-an, ó ṣeé ṣe kí n sọ fún un pé babu wahala, kí n sì máa fi agolo gbọ́n omi lọ.

Nítorí náà, a fi orí ara wa ronú ìṣòro. Ọmọ náà rí kẹ̀kẹ́ ológeere kan tó ti dógùn-ún, ó yọ pẹ́dà rẹ̀, ó fi pákó ṣe ohun kan tó ń yí bí apá ẹ̀rọ atẹ́gùn. Ó fẹ́ kí atukọ̀ jókòó jẹ́jẹ́, kó máa fi ẹsẹ̀ wa ọkọ̀ bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Ohun tó dára ni, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá wò ó pẹ́. “Ó dáa gan-an,” ni ó wí. “Ta ló ráhùn fún yín pé ọ̀pá ń dun òun?” A kò rí ẹni dárúkọ.

Ọmọ náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì yàrá sáyẹ́ǹsì, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ itan bí ẹni tó fẹ́ fi wọ́n pamọ́. Ìdíje ti ń súnmọ́ tòsí, bàbá rẹ̀ sì ti ń pè é sí ìsọ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé kó máa kọ́ṣẹ́. Abọ́ tánganran ní orúkọ, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, òdòdó tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń pè é. “Àǹtí,” ni ó wí, “mo ti mọ orúkọ gbogbo wọn tán.” Mo ní ó dáa, mo sì lọ pa pátákó rẹ́.

A padà lọ sí Galma. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní ká má bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, à ń jẹ ẹ̀pà, à ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde. Èmi ń wò, n kò rí nǹkan kan. Ojú mi kàn là ni. Ọmọ náà ló fà mí láṣọ.

“Àǹtí, ẹ wo àwọn ìyá yẹn. Kí ló dé tí wọ́n ń tú ọmọ?”

Mo wò. Obìnrin kan dé bèbè odò, ó pọnmọ, ó ru agbọ̀n àlùbọ́sà. Kó tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó tú ọ̀já, ó fa ọmọ bọ́ síwájú, ó sì gbá a mọ́ àyà lásán láìdè é. Èyí tó tẹ̀lé e ṣe bákan náà, èyí tó tẹ̀lé ìyẹn náà ṣe é. Ọmọ gba ọwọ́ kan, ẹrù gba èkejì, kò sí ọwọ́ tó ṣẹ́kù láti fi di ọkọ̀ mú. Bí ọkọ̀ bá mì, gbogbo wọn á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ á sì túbọ̀ mì. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, á fi orúnkún gbá pákó. Lẹ́yìn náà wọ́n á pọnmọ padà, wọ́n á gbé ẹrù, wọ́n á máa lọ, láìsí ẹni tó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. “Nítorí bí ọkọ̀ bá dojú dé ni,” ni mo wí. “Ọmọ tí wọ́n bá so mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, abẹ́ omi ni yóò wà. Tí wọn ò bá so ó, wọ́n lè nà án sókè.” Ohùn mi lọ gbọọrọ bí ìgbà tí mo bá ń ka iṣẹ́ àṣetiléwá fún wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi yíjú sí mi. “Àǹtí, kí lorúkọ ọmọ yín?”

Ó mọ̀ pé ọmọ mi ti kú. Gbogbo ilé-ìwé ló mọ̀. Àmọ́ nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló bi mí, bóyá nítorí pé Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni pé a kì í béèrè irú rẹ̀. Mo dárúkọ náà fún un. Ó ṣàjèjì lẹ́nu mi, bí aṣọ téèyàn yọ jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí. “Ó dùn,” ni ó wí, ó sì tún bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́.

Ohun tó ṣe kò le láti ṣàlàyé. Àwọn apẹja Galma máa ń dùbúlẹ̀ lé agbè ńlá kan tí wọ́n ń pè ní gora, wọ́n á máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wa omi kiri. Akẹ́kọ̀ọ́ mi wá àwọn agbè kéékèèké, ó fi ìda dí ẹnu wọn, ó sì rán wọn mọ́ ọ̀já gbígbòòrò kan, díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọwọ́, díẹ̀ lábẹ́ ọrùn kí orí má bàa rì. Àyà ni ìyá yóò so ó mọ́, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì ṣófo. Dípò kókó, ó fi òrùka irin àti igi kékeré kan ṣe ìdè rẹ̀. Bí ìyá bá fa igi náà yọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á tú kúrò lára ìyá, ọmọ á léfòó nínú ọ̀já. Nígbà tí mo rí àwọn agbè yẹn lórí tábìlì, mo rántí àwọn ìyá ìjọ lórí ẹní, inú bí mi. Ó yà mí lẹ́nu pé inú ṣì lè bí mi.

Ó kù kí a mọ̀ bóyá àwọn agbè náà lè gbé ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti mú àpò kékeré kan àti ọkà bàbà wá láti ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Ó bu ọkà sínú àpò, ó nà án sí mi. “Àǹtí, ṣé ó tó ọmọ?”

“Kò tó.”

Ó bù sí i. “Báyìí ńkọ́?”

“Kò tíì tó.” N kò ronú kí n tó dáhùn, apá mi ló ń dáhùn. Ó tún bù sí i, ó so ẹnu àpò náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ sọ pé ó ti tó. Àmọ́ ìgbọ̀nwọ́ mi ti ká sábẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, àpò náà ti fẹ̀yìn tì mí láyà, ara mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì díẹ̀díẹ̀ bí èèyàn ṣe ń ṣe kí ọmọ lè sùn. Mo dúró bẹ́ẹ̀ láàárín yàrá sáyẹ́ǹsì, lọ́sàn-án gangan. Apá tó kú yẹn ń jí. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń ta èèyàn tó bá ń jí.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mi rọra gba àpò náà, ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó bu yanrìn tó ṣe déédéé rẹ̀ sínú àpò mìíràn, ó sì dá ti ọkà padà sí mi lápá. “Ta ló ń da oúnjẹ sódò?” ni ó wí. Àpò yanrìn la gbé lọ sí Galma. Agbè gbé e, ó léfòó, orí rẹ̀ wà lókè.

Àmọ́ àwọn ìyá kọ̀ ọ́. Ẹni tí a kọ́kọ́ na ọ̀já náà sí rí agbè lára rẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé a fẹ́ já a gbà. “Allah ya kiyaye!” ni ó wí, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i. N kò lè bá a jà. Ẹni tó bá so agbè mọ́ ọmọ kó tó wọ ọkọ̀ ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé ọkọ̀ lè rì. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó gbé ìdíje kalẹ̀ ti ní àwọn yóò béèrè bóyá ẹnì kan ti lo ohun tí ọmọ bá ṣe. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Ọmọ náà ká ọ̀já rẹ̀, a wọ takisí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní iwájú ìsọ̀ bàbá rẹ̀.

Nígbà tí a tún padà lọ, ó ti fi òwú wé gbogbo agbè, ó ti fi àǹkárá tó dára bò wọ́n, o kò lè mọ̀ pé agbè wà níbẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni nípa ọkọ̀, kò sì dárúkọ omi. Ó ní ọ̀já onírọ̀rí ni, pé ó ń jẹ́ kí ọwọ́ ìyá ṣófo kó lè di ẹrù rẹ̀ mú. Obìnrin alálùbọ́sà kan gbà á, ó so ó mọ́ àyà pẹ̀lú ọmọ nínú rẹ̀. Bó ṣe ń tún un ṣe, ọwọ́ rẹ̀ tẹ ìrọ̀rí abẹ́ ọrùn, ó dúró. Ó tún un tẹ̀. Ó fi ìka kàn án, ó sì gbọ́ bó ṣe dún. Ó gbójú sókè wò wá. Mo rò pé yóò jù ú lé wa lọ́wọ́. Kò sọ nǹkan kan. Ó ki igi kékeré náà bọ òrùka dáadáa, ó fi ọwọ́ kan gbá agbọ̀n rẹ̀ mú, ó fi èkejì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó wọlé, ó jókòó. Àwọn ìyá tó kù ní bèbè odò bi wá pé ṣé òmíràn wà.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà gba akẹ́kọ̀ọ́ mi wọlé. Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n bi í lójú gbogbo èèyàn pé ta ló ráhùn ìṣòro yìí fún un, ó ní kò sẹ́ni tó ráhùn, ọwọ́ wọn ni òun wò. Bàbá rẹ̀ gbé abọ́ tánganran ńlá kan wá kí mi nílé, ó wọ agbádá ọjọ́ Jímọ̀, ó sì sọ orúkọ abọ́ náà fún mi. Ó ní òun ti rí i pé ìsọ̀ kò ní gba ọmọ òun.

Ọmọ náà kò béèrè àpò ọkà bàbà ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mi rárá. Ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n ni mo gbé e lọ sílé, mo sì gbé e sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkọ mi kò bi mí pé kí ni. Nígbà mìíràn tí mo bá ti ilé-ìwé dé, n kì í bá a ní ibi tí mo gbé e sí. Mo rò pé ó ń sún un kúrò lọ́nà ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo tètè dé, mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ọkọ mi dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ réluwéè lọ́rùn. Àpò náà wà ní èjìká rẹ̀ òsì, níbi tó ti máa ń gbé orí ọmọ lé, ó ń fi ọwọ́ lù ú lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. N kò tíì sọ ohun tí àpò yẹn wà fún létí rẹ̀ rí. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó yíjú, kò sì gbé e kalẹ̀.

“Ó wúwo tó Àbẹ̀ní,” ni ó wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni mo wí.

Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí mo dúró sí, mo sunkún. Òun náà wá jókòó tì mí pẹ̀lú àpò náà lórí itan, ó sunkún. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ omi, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ agbè. Nígbà tí kòkòrò wọ ọkà náà, àwa méjèèjì la jọ dà á fún adìẹ aládùúgbò, mo fọ àpò náà, mo sá a sóòrùn, mo ká a pamọ́.

A bí àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ti àwọn ìyá ìjọ ṣẹ, mi ò ní fi dù wọ́n. N kò sì lòdì sí àwọn tó ń sọ pé a kì í dárúkọ ibi. Mo ti rí ìdí rẹ̀ ní etí Galma, mo sì ti rí obìnrin tó mọ ohun tó wà nínú ìrọ̀rí, tó dákẹ́, tó so ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, tó wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ kì í ṣe ibi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí pé ọmọ mélòó ni mo bí, Àbẹ̀ní ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀.